Ìbéèrè Ló Ń Yan Irú Àgbéyẹ̀wò

Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni àṣà kan ti wọ àwọn yunifásítì wa, pàápàá ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìlera, tí ó ń mú kí n máa fara balẹ̀ ka àkọlé iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé wá sí ilé ìkàwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó jẹ́ pé orí kejì àpilẹ̀kọ rẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ, kí ó sọ ohun tí àwọn aṣáájú rẹ̀ ti ṣe àti ibi tí wọ́n bá a dé, ni yóò ti kọ ọ́ sí iwájú ìwé pé iṣẹ́ òun jẹ́ systematic review, tí èmi yóò máa pè ní àgbéyẹ̀wò elétò, nítorí ó ti gbọ́ pé èyí ni àwọn jọ́nà òkè òkun ń gbà, pé òun náà ni ó sì níyì jù nínú gbogbo irú àgbéyẹ̀wò. Bí mo bá wá bi í pé kí ni ó fẹ́ mọ̀ gan-an, a ó jọ máa wojú ara wa fún ìgbà díẹ̀.

N kò bá àgbéyẹ̀wò elétò jà. Mo ti bá àwọn tí ń ṣe é jókòó pẹ́, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé irú ìbéèrè kan wà tí a kò lè fi òótọ́ inú dáhùn láìgba ọ̀nà yẹn, irú ìbéèrè mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé, bí a bá gbé e gba ọ̀nà yẹn, ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ já bọ́. Ẹni tí kò bá tíì mọ èyí tí tirẹ̀ jẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yan ohunkóhun.

Nínú àgbéyẹ̀wò elétò, olùwádìí yóò kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ ní pàtó. Yóò sọ ibi tí òun yóò ti wá ìwé, ọ̀rọ̀ tí òun yóò fi wá a, irú iṣẹ́ tí òun yóò gbà wọlé àti irú èyí tí òun yóò dá padà, kí ó tó mọ ohun tí àwọn ìwé náà yóò sọ. Èèyàn méjì ni yóò máa ṣa àwọn ìwé náà, ẹnì kan kò sì ní mọ èyí tí ẹnì kejì mú títí wọn yóò fi parí. Wọn yóò yẹ ìwádìí kọ̀ọ̀kan wò bóyá wọ́n ṣe é dáadáa, wọn yóò sì ṣàkọsílẹ̀ gbogbo ìgbésẹ̀ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn yóò fi lè tọ ipasẹ̀ wọn. Nínú irú kejì, tí wọ́n ń pè ní narrative review, tí èmi yóò máa pè ní àgbéyẹ̀wò alálàyé, olùwádìí ni ó ń fi ìmọ̀ àti òye rẹ̀ yan ohun tí yóò kà. Ó ń so wọ́n pọ̀, ó ń fi wọ́n wé ara wọn, ó ń sọ ohun tí wọ́n túmọ̀ sí, kò sì di dandan kí ó sọ bí ó ṣe rí wọn tàbí ìdí tí ó fi fi àwọn yòókù sílẹ̀.

Ibi tí kò ti di dandan yẹn ni ìjàngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1987, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Cynthia Mulrow gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde. Ó ti yẹ 50 àpilẹ̀kọ àgbéyẹ̀wò wò, tí wọ́n jáde láàárín 1985 sí 1986 nínú jọ́nà ìṣègùn mẹ́rin tí àwọn dókítà bọ̀wọ̀ fún. Òṣùwọ̀n 8 ni ó fi wọ̀n wọ́n. Kò sí ọ̀kankan tí ó kún gbogbo rẹ̀, ẹyọ kan péré ni ó sì sọ kedere bí òǹkọ̀wé rẹ̀ ṣe wá àwọn ìwé tí ó lò àti bí ó ṣe ṣà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì ni irú àwọn àpilẹ̀kọ wọ̀nyẹn ni àwọn dókítà ń kà kí wọ́n tó kọ oògùn fún aláìsàn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa rò pé ìwà àìṣòótọ́ ni mo ń bá wí bí mo bá dé ibí yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń mú ọ̀rọ̀ Linus Pauling wá. Ọkùnrin yìí gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́ẹ̀mejì, ti kẹ́mísírì àti ti àlàáfíà. Kò sí ẹni tí yóò pè é ní òpè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń kọ̀wé pé kí àwọn èèyàn máa lo fítámì C púpọ̀ kí ọ̀fìnkìn má baà mú wọn, àwọn ìwádìí tí ó gbè é lẹ́yìn ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń rí. Paul Knipschild, ará Netherlands, wá gbogbo ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà jọ lọ́nà elétò, ó sì fi hàn ní 1994 pé díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe dáadáa jù lọ kò sí nínú ohun tí Pauling gbé yẹ̀ wò rárá. Ohun tí èèyàn ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni ó ń bá a yan ìwé, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀.

Irú yíyàn bẹ́ẹ̀ a máa pa èèyàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìwé ìtọ́jú ọmọ ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun ń gba àwọn ìyá nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa da ojú ọmọ ọwọ́ bolẹ̀ bí ó bá ń sùn. Nígbà tí Ruth Gilbert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àgbéyẹ̀wò elétò lórí ọ̀rọ̀ náà ní 2005, wọ́n rí i pé bí ẹnikẹ́ni bá ti kó àwọn ìwádìí tí ó wà nílẹ̀ jọ ní 1970, ewu rẹ̀ ìbá ti hàn gbangba; wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé ó lé ní 10,000 ọmọ ọwọ́ tí kì bá tí kú ní Bìrìtìkó nìkan.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ̀ mí lára jù ni ti abẹ́rẹ́ steroid fún aboyún tí ó fẹ́ bímọ kí oṣù tó pé. Ní New Zealand ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Graham Liggins ń ṣe ìwádìí lára àgùntàn, ó sì ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ àgùntàn tí ìyá wọn bí láìpé oṣù lẹ́yìn tí wọ́n ti gba oògùn náà ń mí, nígbà tí ó yẹ kí ẹ̀dọ̀fóró wọn má tíì lè ṣiṣẹ́. Òun àti Ross Howie dán an wò lára àwọn aboyún, wọ́n sì gbé àbájáde jáde ní 1972 pé ó ń gba ẹ̀mí ọmọ là. Àwọn mìíràn náà dán an wò lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìwádìí wọn kéré níye. Bí èèyàn bá kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí yóò dà bíi pé oògùn ṣiṣẹ́, èyí yóò dà bíi pé kò dájú. Dókítà tí ó ka ẹyọ méjì lè sọ ohun tí ó bá wù ú. Ìgbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ tí wọ́n ṣírò wọn pọ̀, bí àwọn ọdún 1980 sí 1989 ṣe ń lọ sópin, ni gbogbo èèyàn rí i pé iyèméjì ti tán tipẹ́, àti pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ti kú láàárín ìgbà tí a fi ń ṣiyèméjì. Àwòrán àwọn ìwádìí wọ̀nyẹn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dùbúlẹ̀ lórí ara wọn pẹ̀lú àmì dáyámọ́ǹdì kan nísàlẹ̀, ni Cochrane, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993 fún irú iṣẹ́ yìí, fi ṣe àmì ìdánimọ̀ wọn títí di òní.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, èmi náà ìbá máa sọ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ pé systematic review ni kí wọ́n ṣe. Kò parí síbẹ̀. Púpọ̀ jù nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣírò pọ̀ yẹn ni wọ́n ṣe ní ọ́sípítù orílẹ̀-èdè olówó. Ní 2015, àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà, tí Kenya àti Zambia wà lára wọn, níbi tí wọ́n ti mú oògùn yìí dé àwọn ibi ìtọ́jú kéékèèké ní ìgbèríko. Ikú ọmọ tuntun kò dín kù lápapọ̀, ńṣe ni ó pọ̀ sí i. Nígbà náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ṣe òmíràn ní Bangladesh, India, Kenya, Nàìjíríà àti Pakistan, ní àwọn ọ́sípítù tí wọ́n ti lè fi ẹ̀rọ mọ ọjọ́ orí oyún, tí wọ́n sì ní ibi ìtọ́jú ọmọ tí kò pé oṣù. Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Obìnrin 2,852 ni ó kópa, kèké ni wọ́n sì fi pín wọn sí àwọn tí yóò gba oògùn àti àwọn tí kò ní gbà á. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2020, nínú àwọn ọmọ tí ìyá wọn gba oògùn, 19.6 nínú 100 ni ó kú kí wọ́n tó pé ọjọ́ 28, nígbà tí ó jẹ́ 23.5 nínú 100 láàárín àwọn tí ìyá wọn kò gbà á.

Mo fa ọ̀rọ̀ yìí gùn nítorí pé irú ìbéèrè méjèèjì wà nínú rẹ̀. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ìbá ti fi òye lásán mọ̀ pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́; àfi kí a kó gbogbo ìwádìí jọ, kí a má fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí pé kò dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n kò sí bí ìṣirò ìbá ti sọ ìdí tí àbájáde 2015 fi yàtọ̀ fún wa. Ẹni tí ó mọ bí ìgbèríko ṣe rí, tí ó mọ̀ pé aboyún lè má mọ oṣù tí oyún rẹ̀ wà, tí ó mọ ohun tí ilé ìtọ́jú kékeré ní àti ohun tí kò ní, òun ni ó lè ka ìwé oríṣiríṣi, ti oògùn, ti ìrìnnà, ti ìṣàkóso ọ́sípítù, kí ó sì hun wọ́n di àlàyé. Iṣẹ́ àgbéyẹ̀wò alálàyé nìyẹn.

Ó ti tó kí n sọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan tí a jọ ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kan tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìgbẹ̀bí, tí gbogbo wa ní ilé ìkàwé ń pè ní Mátírọ́ọ̀nù, padà wá sí yunifásítì láti gba oyè másítà. Ọ̀rọ̀ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti àwọn ilé ìgbẹ̀bí ìjọ aládùúrà ni ó jẹ ẹ́ lógún, nítorí ó ti rí ọ̀pọ̀ aboyún tí ó gba káàdì ní ọ́sípítù, tí ó ń wá fún àyẹ̀wò déédéé, tí ó sì jẹ́ pé ilé àdúrà ni yóò bímọ sí. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wá ìwé sí systematic review mi,” ni ó wí. Mo ní, “Mátírọ́ọ̀nù, ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ sílẹ̀ ná.” Ohun tí ó kọ jẹ́ ìbéèrè méjì, òun sì rò pé ọ̀kan ni: bóyá dídá àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ ń dín ikú ọmọ kù, àti ìdí tí obìnrin tí ọ́sípítù kò jìnnà sí i ṣì fi ń lọ bímọ sọ́dọ̀ wọn.

Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, àti ọ̀rọ̀ báwo ni ó ṣe tó. Ìjọba ni ó fẹ́ náwó sí i tàbí kí ó má náwó sí i. Àwọn ìwádìí tí wọ́n fi kèké ṣe wà lórí rẹ̀. Ọ̀kan tí ó lókìkí wáyé ní agbègbè Larkana ní Pakistan, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005, níbi tí ikú ọmọ inú àti ọmọ tuntun ti dín kù ní nǹkan bí 30 nínú 100 lẹ́yìn tí wọ́n dá àwọn agbẹ̀bí lẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n fún wọn ní ohun èlò tí ó mọ́, tí wọ́n sì so wọ́n mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Irú ìbéèrè báyìí, ẹ má dá a dáhùn láti orí. Ẹ wá gbogbo rẹ̀. Kìkì pé àwọn kan lábẹ́ Cochrane ti wá a, àwọn ìwádìí tí ó kún ojú òṣùwọ̀n tí wọ́n rí kò sì tó mẹ́wàá. Kí ni Mátírọ́ọ̀nù fẹ́ fi kún un pẹ̀lú owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún kan?

Èkejì ni ó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ní tòótọ́, òun náà sì ni kò rọ̀ mọ́ ètò. Ìdáhùn rẹ̀ wà káàkiri. Ó wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn, ó wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ, ó wà nínú ìtàn ìjọ, nínú ìwé àwọn òpìtàn tí wọ́n kọ nípa ìgbà tí ìjọ CAC àti àwọn aládùúrà mìíràn ń dá ilé ìgbẹ̀bí sílẹ̀, nínú àkọsílẹ̀ ètò ìjọba bí Agbẹ̀bíyè tí ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, láti fi san ẹ̀san fún agbẹ̀bí tí ó bá darí aboyún sí ọ́sípítù. Ìwé wọ̀nyí kò jọ ara wọn, a kò sì lè fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọ̀n wọ́n. Bí a bá sọ pé kìkì èyí tí ó jọ ìwádìí ìṣègùn ni a óò gbà wọlé, ohun tí yóò kù ni ìwé ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pín kiri pé “kí ló dé tí o kò lọ sí ọ́sípítù”, tí ìdáhùn rẹ̀ yóò jẹ́ owó, ọ̀nà jíjìn, àti ọ̀rọ̀ kòbákùngbé àwọn nọ́ọ̀sì. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kan ìbẹ̀rù ayé, kò kan abẹ tí wọ́n ń sá fún, kò kan ìyá ọkọ tí ó ní ibi tí wọ́n ti gbẹ̀bí ọkọ ni wọn yóò ti gbẹ̀bí ọmọ.

A ṣáà jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà, kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí i. A tẹ TBA, bí àwọn oníṣẹ́ ìlera ṣe ń gé orúkọ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ kúrú, sínú PubMed, ibi ìwáwé ìmọ̀ ìṣègùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé nípa ásíìdì kan tí wọ́n fi ń yẹ ọ̀rá tí ó ti bàjẹ́ wò sì ya lù wá, nítorí orúkọ ásíìdì náà ń gé kúrú sí TBA bákan náà. A tẹ mission home, bí wọ́n ṣe ń pe ilé ìgbẹ̀bí ìjọ ní Gẹ̀ẹ́sì, a bá àwọn tí ń rìnrìn àjò lọ sí ojú òfuurufú pàdé. A kọ orúkọ náà ní kíkún, èyí dára díẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ àpilẹ̀kọ kan láti ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ wa tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu pátápátá, kò sì jáde. Ìdí rẹ̀ ni pé jọ́nà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí kò sí lórí PubMed. Ó wà lórí African Journals Online, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998 kí jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà má baà sọnù. Àwọn àpilẹ̀kọ oyè tí ó sì dára ju ìyẹn lọ wà lórí pẹpẹ ilé ìkàwé wa, tí a fi awọ dúdú dì, tí ẹ̀rọ ìwáwé kankan kò mọ̀ wọ́n. Inú mi kì í dùn bí mo bá rí àgbéyẹ̀wò elétò nípa Nàìjíríà tí ó jẹ́ pé ibi ìwáwé òkè òkun méjì péré ni wọ́n wò, tí wọ́n wá kọ ọ́ sí ìparí pé ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀. Ìwádìí pọ̀; wọn kò kanlẹ̀kùn wa ni.

Ohun tí iṣẹ́ náà ń náni tún wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn kan wo àwọn àgbéyẹ̀wò elétò tí a forúkọ wọn sílẹ̀ ní PROSPERO, ibi ìforúkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún irú iṣẹ́ yìí, tí wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde ní 2017, láti ìgbà ìforúkọsílẹ̀ títí di ìgbà tí iṣẹ́ jáde gba ọ̀sẹ̀ 67 ní ìpíndọ́gba, iṣẹ́ tí ó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ni ó jọ ń ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ másítà wa jẹ́ ẹyọ ẹnì kan. Ta ni yóò jẹ́ ẹnì kejì tí yóò ṣa ìwé pẹ̀lú rẹ̀? Súpáfáísọ̀ kò ráyè. Ọ̀rẹ́ ni ó sábà máa ń fi orúkọ sí i, tí kò ṣa ohunkóhun. Embase àti Scopus, àwọn ibi ìwáwé ńlá mìíràn, ń gba owó tí yunifásítì púpọ̀ kò lè san.

Orúkọ náà kò sì sọ iṣẹ́ di òótọ́. John Ioannidis kọ ọ́ ní 2016 pé àgbéyẹ̀wò elétò ti pọ̀ lápọ̀jù, pé púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àtúnsọ, àwọn mìíràn sì ń ṣini lọ́nà. Ní ìgbà Kòrónà, àwọn kan ṣírò àwọn ìwádìí lórí ivermectin pọ̀, oògùn tí àwọn ará ìgbèríko wa ti mọ̀ tipẹ́ fún àrùn inárun, wọ́n sì kéde pé ó ń gba ẹ̀mí àwọn tí Kòrónà ń bá jà là. Ọ̀kan tí ó wúwo nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣírò náà, láti Íjíbítì, ni wọ́n fà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù Keje 2021 nígbà tí àwọn èèyàn rí i pé ìsọfúnni rẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Nígbà tí wọ́n yọ òun àti àwọn mìíràn tí kò ṣeé gbára lé kúrò, àǹfààní tí wọ́n kéde yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́. Ètò wọn pé. Ìyàngbò ni wọ́n fi ètò tí ó pé kó jọ.

Nítorí náà, nígbà tí Trisha Greenhalgh, Sally Thorne àti Kirsti Malterud kọ ọ́ ní 2018 pé kò yẹ kí a máa to àgbéyẹ̀wò elétò sókè àgbéyẹ̀wò alálàyé bí ẹni ń to oyè, nítorí pé iṣẹ́ wọn yàtọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri nítòsí tábìlì mi. Àwọn kan a máa kà á bí wọ́n bá ń dúró dè mí. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe ibi ìsápamọ́sí. Orí kejì tí ó pọ̀ jù nínú èyí tí mo ń rí kì í ṣe àgbéyẹ̀wò alálàyé. Àtòjọ ni: lágbájá sọ báyìí ní 2009, tàmẹ̀dù náà sọ báyìí ní 2014, ìpínrọ̀ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tí ó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Àgbéyẹ̀wò alálàyé tí ó dára le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ń ṣe é gbọ́dọ̀ ní èrò, kí ó sì wá ẹni tí èrò rẹ̀ tako tirẹ̀ kàn, kí ó má sì fi ibi tí ó ti ń wo ọ̀rọ̀ pa mọ́. Kò sí ohun tí ó sọ pé kí ó má sọ ibi tí ó ti wá ìwé àti ìgbà tí ó wá a. Ìpínrọ̀ kékeré kan tó, bí òfin kò tilẹ̀ béèrè rẹ̀.

Irú àgbéyẹ̀wò mìíràn wà láàárín méjèèjì. Maria Grant àti Andrew Booth ka irú àgbéyẹ̀wò 14 lápapọ̀ ní 2009. Èyí tí mo máa ń dá lábàá jù ni scoping review, tí Hilary Arksey àti Lisa O'Malley la ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005, fún ẹni tí ó kàn fẹ́ mọ ohun tí ó wà àti ohun tí kò sí lórí ọ̀rọ̀ kan. Ó ní ètò, ṣùgbọ́n kò di dandan kí ó wọn ìwádìí kọ̀ọ̀kan tàbí kí ó fa ìdáhùn kan yọ. Ẹ kàn rántí pé PROSPERO kì í gba ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Mo ti rí ẹni tí ó dúró pẹ́ kí ó tó mọ̀.

Ohun tí Mátírọ́ọ̀nù ń ṣe báyìí ni àgbéyẹ̀wò alálàyé lórí ìbéèrè kejì, ó sì mú ohun kan wá láti inú ti elétò: àkọsílẹ̀ gbogbo ibi tí ó ti wá ìwé, àti ìdí tí ó fi fi èyí tí ó fi sílẹ̀ sílẹ̀. Lórí ìbéèrè àkọ́kọ́, àgbéyẹ̀wò tí ó wà nílẹ̀ ni ó tọ́ka sí, ó sì kọjá lọ. Ibi tí èmi àti òun kò tíì fẹnu kò sí ni ti àwọn ìwé pélébé tí àwọn ilé ìgbẹ̀bí ìjọ fi ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí wọn, tí ó gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà nínú ìjọ. Mo ní ẹ̀rí ni wọ́n, kì í ṣe ìwé ìwádìí, kí ó kó wọn lọ sí orí kẹrin. Ó ní bí àwọn dókítà bá lè kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sínú jọ́nà tí a sì ń pè é ní ìmọ̀, ẹni tí ó ti gbẹ̀bí láti ìgbà èwe rẹ̀ tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ náà ti kọ̀wé, orí kejì ni yóò wà. Ó ti lọ bi súpáfáísọ̀ rẹ̀.